Ẹni Tó Sanwó Eré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì, Kí Ló Rà?

Ẹja tó ṣì wà nínú ibú kò ṣe é ná. Obìnrin tó mọ ọjà máa ń gbé ẹja wò, á tẹ̀ ẹ́ wò, á gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ó tó tú owó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà láyé òde òní tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń sanwó ohun tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Ọjà náà ni ti eré orí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní géèmù. Oríṣi kan nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òní dá lé: eré ìbọn àti ìkógun, tí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa ń jùmọ̀ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kéde pé irú eré bẹ́ẹ̀ ń bọ̀, ohùn méjì ló máa ń dìde. Ohùn kìíní jẹ́ ti ayọ̀: àwọn eléré ń ka oṣù, wọ́n ń ka ọjọ́, wọ́n sì ń sanwó sílẹ̀ de ọjọ́ ìjáde. Ohùn kejì jẹ́ ti àníyàn: ṣé eré náà yóò rí bí wọ́n ṣe polówó rẹ̀? Ohùn méjèèjì ló tọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó jinlẹ̀ ju méjèèjì lọ, tí ènìyàn kì í sábà béèrè kí ó tó sanwó: kí gan-an ni olówó rà?

Eré náà àti adùn rẹ̀

Ẹni tí kò ṣe irú eré yìí rí lè béèrè pé kí ló wà níbẹ̀. Eléré kọ̀ọ̀kan jókòó sílé ara rẹ̀, níwájú kọ̀ǹpútà tàbí tẹlifíṣọ̀n. Íntánẹ́ẹ̀tì ló so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan lè wà ní Paris, kí èkejì wà ní Montréal. Lójú ẹ̀rọ, inú igbó kan náà ni wọ́n wà, wọ́n sì jọ ń bá ọ̀tá jà. Bí ọ̀tá bá ṣubú, ó máa ń fi ìbọn, ẹ̀wù ogun tàbí ohun mìíràn sílẹ̀. Ìkógun nìyẹn. Òmíràn wọ́pọ̀, òmíràn ṣọ̀wọ́n. Eléré kò lè mọ èyí tí yóò bọ́ sí òun lọ́wọ́. Èyí tó bá rí ni yóò fi lọ dojú kọ ọ̀tá tó le ju ti ìṣáájú lọ, kí ó lè tún rí ìkógun tó dára jù. Bẹ́ẹ̀ ni eré náà ṣe ń yí po, láìní òpin.

Adùn rẹ̀ kì í ṣe ti ìbọn nìkan. Àwọn àgbẹ̀ mọ adùn àáró. Oko ẹnìkan lónìí, oko ẹnìkejì lọ́la. Iṣẹ́ tí ẹnìkan kò lè dá ṣe, ènìyàn mẹ́rin á parí rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Irú adùn bẹ́ẹ̀ wà nínú eré yìí. Ọ̀kan gbé asà síwájú, èkejì ń yìnbọn láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀kẹta ń gbé ọ̀rẹ́ tó ṣubú dìde. Àwọn ọ̀rẹ́ tí ìrìn-àjò ti yà nípa tún máa ń rí ara wọn níbẹ̀ lálaalẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń retí irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ibi ìpàdé ni ó ń retí.

Ìrètí tí orúkọ rere bí

Àpẹẹrẹ kan wà tó fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ eré náà ni Anthem. BioWare, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Edmonton ní Kánádà, ló ṣe é. Electronic Arts ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ni BioWare, òun ló sì gbé eré náà wá sọ́jà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2017 ni wọ́n fi Anthem han ayé. Nínú àwòrán tí wọ́n fi hàn, jagunjagun kan wọ ẹ̀wù irin tó ń fò. Ó bẹ́ láti ibi gíga, ó fò kọjá lórí igbó kìjikìji, ó sì wọnú omi láìdúró. Wọ́n sọ pé ènìyàn mẹ́rin yóò lè jọ fò bẹ́ẹ̀. Ẹnu ya àwọn eléré.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìrètí fi pọ̀. BioWare ní orúkọ rere. Òun ló ṣe Baldur's Gate ní ọdún 1998 àti Mass Effect ní ọdún 2007. Ìtàn tó jinlẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sanwó sílẹ̀ láìtíì rí eré. Orúkọ ni wọ́n rà.

Àníyàn tó ṣáájú ọjọ́ ìjáde

Síbẹ̀, àníyàn wà, kò sì kéré. Èkíní jẹ́ ti ìtàn. Àwọn tó fẹ́ràn BioWare nítorí ìtàn ń béèrè pé, nínú eré tí ènìyàn mẹ́rin ti ń sáré kó ìkógun, ta ni yóò dúró gbọ́ ìtàn?

Èkejì jẹ́ ti owó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Electronic Arts gbé eré mìíràn jáde, Star Wars Battlefront II. Nínú rẹ̀, eléré lè fi owó gidi ra àpótí tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìbínú àwọn eléré pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fi dá ọ̀nà ìsanwó náà dúró ní ọjọ́ tó ṣáájú ìjáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m sọ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn eré kan jẹ́ tẹ́tẹ́ tó lòdì sí òfin. Ẹ̀rù ń ba àwọn eléré pé Anthem náà yóò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe é dáhùn pé ohun ọ̀ṣọ́ nìkan ni owó yóò lè rà, pé owó kò ní ra agbára. Wọ́n mú ìlérí yẹn ṣẹ.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ti sanwó sílẹ̀ tọ́ eré náà wò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí ọ̀nà wọlé. Àwọn tó wọlé rí àmì ìdúró tí kò kúrò lójú ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì. Àwọn kan gba owó wọn padà. Ọ̀pọ̀ tún dúró, wọ́n ní àtúnṣe ń bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà

Anthem jáde ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2019. Iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 60, èyí tó ju 30,000 owó CFA lọ. Ó tà gan-an. Fífò inú rẹ̀ dùn bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ìdúró láàárín ibì kan sí ibòmíràn gùn jù. Ìkógun kò tó nǹkan. Lẹ́yìn tí eléré bá parí ìtàn, iṣẹ́ tó kù kò pọ̀, ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ìkórè kò kúnjú àpèrè.

Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, ìwé-ìròyìn Kotaku gbé ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ jáde. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí àwọn ọ̀gá kò fẹnu kò lórí irú eré tí wọ́n ń ṣe. Orúkọ náà pàápàá, ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fi eré náà han ayé ni wọ́n yí i padà. Beyond ni wọ́n ti fẹ́ pè é tẹ́lẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣe é títí ara wọn kò fi gbà á mọ́. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí pé àwọn yóò tún un ṣe láti ìpìlẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n kéde pé iṣẹ́ àtúnṣe náà ti dópin. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn yóò pa àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé eré náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2026, wọ́n pa wọ́n. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè ṣe Anthem mọ́. Ẹni tó ra á ní àwo ṣì ní àwo náà nílé, ṣùgbọ́n àwo lásán ni. Bí ènìyàn bá fẹ́ dá nìkan ṣe eré náà, kò ṣe é ṣe, nítorí wọ́n kọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè mí láìsí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́.

Nínú gbogbo àníyàn tó ṣáájú ìjáde, èyí ni ó wúwo jù, òun sì ni ariwo rẹ̀ kéré jù. Àwọn ènìyàn ń béèrè bóyá eré náà yóò dára. Àwọn tó béèrè bóyá yóò pẹ́ kò pọ̀.

Àyè ni, kì í ṣe ohun-ìní

Ẹni tó ra odó lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ti ni odó. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá kó kúrò nílùú, odó ṣì ń gún iyán. Ẹni tó ra eré orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ra ohun-ìní. Àyè ni ó gbà, láti wọ ilé ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí onílé bá ti ilẹ̀kùn, eré parí.

Ẹnìkan lè sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí ènìyàn yá gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ayálégbé mọ iye oṣù tó san. Ó mọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tán. Ẹni tó ra eré kò mọ̀. Wọ́n kọ «rà» síwájú rẹ̀ bí ẹni pé ohun tó rà yóò jẹ́ tirẹ̀ títí láé, lẹ́yìn náà wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn gígùn pé àyè ni, pé àwọn lè gbà á padà. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi wà. Kì í ṣe ẹ̀bi pé ohun kan ní òpin. Ẹ̀bi ni kí olùtajà fi òpin náà pamọ́ fún olùrà.

Anthem kọ́ ni àkọ́kọ́. Ubisoft, ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, gbé eré ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ The Crew jáde ní ọdún 2014. Ìlú Lyon ni wọ́n ti ṣe é. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, eré náà sì dáwọ́ dúró. Ross Scott, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo tó pè ní Stop Killing Games, ìyẹn ni pé kí wọ́n dẹ́kun pípa eré. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ dìde. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn tó fọwọ́ sí i ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ kúrò nídìí eré tó ti tà, kí ó fi í sílẹ̀ ní ipò tí ẹni tó rà á yóò ṣì lè lò ó.

Ní ìpínlẹ̀ California, níbi tí Electronic Arts fìdí kalẹ̀ sí, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2025. Ó ní olùtajà kò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ «rà» fún irú ọjà bẹ́ẹ̀ láìsọ fún olùrà kedere pé àyè ló ń gbà. Òfin náà kò dá eré padà. Ṣùgbọ́n ó mú òtítọ́ jáde síta, níbi tí ojú olùrà yóò ti rí i kí ó tó sanwó.

Ìlẹ̀kùn tí kò ṣí fún gbogbo ilẹ̀

Ẹnìkan ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ni èyí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 fi hàn pé ó kan ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú. Helldivers 2 jẹ́ eré ìbọn tí ènìyàn mẹ́rin ń jùmọ̀ ṣe. Ilẹ̀ Swídìn ni wọ́n ti ṣe é. Sony ti ilẹ̀ Jàpáànù ló gbé e jáde. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìjáde rẹ̀, Sony pàṣẹ pé gbogbo ẹni tó ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, PlayStation Network.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò dé gbogbo ilẹ̀. Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó gbà. Wọ́n ti ta eré náà ní irú àwọn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gba owó, kí wọ́n tó gbé ìdènà sí ẹnu ọ̀nà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170. Àwọn eléré ké tòò. Àwọn tó wà ní ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn gbèjà àwọn tó kàn. Kò pẹ́ tí Sony fi yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Àáró tí wọ́n kọ́ nínú eré ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ gidi.

Ẹjọ́ àwọn ilé-iṣẹ́

Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ó yẹ kí òǹkàwé gbọ́ ti ìhà kejì pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà ńlá ń jẹ iná, ó ń fẹ́ òṣìṣẹ́, owó ni gbogbo rẹ̀. Bí àwọn eléré bá kù díẹ̀, owó tó ń wọlé lè má tó èyí tó ń jáde. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ eré ní Yúróòpù sọ pé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá irú eré bẹ́ẹ̀ dúró. Wọ́n tún sọ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ṣe é ṣe láti fi iṣẹ́ náà lé àwọn eléré lọ́wọ́ láìséwu.

Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Òtítọ́ tún ni pé eré míì nínú irú yìí ń pẹ́. Warframe, tí wọ́n ṣe ní Kánádà, ti wà láti ọdún 2013, ọ̀fẹ́ sì ni ìwọlé rẹ̀. Destiny 2 ti wà láti ọdún 2017. Ṣùgbọ́n èyí tó pẹ́ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn tó ṣe Destiny 2 yọ àwọn apá kan kúrò nínú rẹ̀, títí kan ìtàn tí àwọn eléré ti fi owó rà. Onílé kò lé ayálégbé jáde, ṣùgbọ́n ó ti yàrá méjì pa.

Ìdáhùn sí ẹjọ́ owó kò ṣòro. Ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ pé iná yóò kú lọ́jọ́ kan lè sọ ọ́ kí ó tó gba owó. Ó lè sọ pé, ó kéré tán, eré yìí yóò wà títí di ọdún báyìí. Ó lè kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹnìkan lè dá a ṣe bí kọ̀ǹpútà bá kú. Ẹni tó ń kọ́lé ló mọ ibi tó yẹ kí ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí. Bí ilé bá ti parí ni ó máa ń ṣòro.

Ohun tó yẹ kí olùrà ṣe

Títí òfin yóò fi dé, ọwọ́ olùrà ni ìṣọ́ra wà. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń béèrè owó eré tí kò tíì jáde kò ní láti bínú, kò sì ní láti sáré san án. Kí ó jókòó ti ọmọ náà, kí wọ́n jọ ka ohun tí wọ́n kọ. Ìbéèrè márùn-ún tó. Ṣé eré náà lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé ẹnìkan lè dá a ṣe? Ṣé owó mìíràn yóò tún jáde lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kí ni owó náà yóò sì rà? Ṣé wọ́n ń ta á ní ilẹ̀ yìí, ṣé gbogbo ohun tó nílò sì dé ilẹ̀ yìí? Bí kò bá dára, ṣé owó lè padà?

Ẹni tó ti mọ̀wé kà ní ohun-ìjà tó lágbára ju èyí tí ọ̀tá inú eré ń fi sílẹ̀ lọ. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ kì í ṣe òkùnkùn fún un mọ́. Ó lè ka ìwé àdéhùn eré, kí ó sì fi ọgbọ́n kan náà ka ìwé àdéhùn ẹ̀yáwó, ti ilẹ̀ àti ti fóònù. Ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé «a lè dá iṣẹ́ yìí dúró nígbàkúùgbà», kí ó fi ìka sí i, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá ohun tí òun fẹ́ gbà tó iye tí wọ́n ń béèrè.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Eré kan kì í tán lórí àtẹ ní ọjọ́ ìjáde. Ẹni tó bá dúró fún oṣù kan yóò gbọ́ ohun tí àwọn tó ti ṣe é sọ, owó rẹ̀ yóò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí eré náà bá dára, kí ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n gbádùn ara wọn. Kí wọ́n kàn mọ̀, bí wọ́n ti ń wọlé, pé ilé onílé ni.